Ohun tí pọ́ǹpù omi ń kọ́ ẹni tó ń kọ Python

Kóòdù Python tó máa tan pọ́ǹpù omi kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Èyí tó máa pa á nígbà tó yẹ, tí kò sì ní tàn án nígbà tí kò yẹ, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. L'Óṣogbo níbí, láti Òkè-Fìà dé Ògo-Olúwa, ilé tó gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù tó sì gbé tánkì sórí irin pọ̀ lọ jàra. Ìgbà tí omi bá ń dà sílẹ̀ gbàràgbàrà láti orí tánkì ni wọ́n tó ń sáré lọ pa súwíìṣì. Iṣẹ́ yìí ni mo máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi Python darí ohun èlò iná, torí kò sí wàhálà tó lè bá kóòdù tó ń bá wáyà ṣiṣẹ́ tí kò sí nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan ló sì yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀: bí iná bá lọ báyìí, tó wá dé lẹ́yìn wákàtí méjì, ipò wo ni pọ́ǹpù yìí máa wà? Ẹni tí kò bá tíì lè dáhùn ìyẹn, kò tíì tó àsìkò kó fọwọ́ kan wáyà iná ilé, ìyẹn fóòtì 220.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ra Raspberry Pi. Odidi kọ̀ǹpútà ni Pi, ó sì dára fún iṣẹ́ tó bá nílò kámẹ́rà tàbí àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ. Àmọ́ orí mẹ́mọ́rì káàdì ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá já nígbà tó ń kọ nǹkan sórí káàdì yẹn lọ́wọ́, fáìlì lè bàjẹ́, Pi ò sì ní tàn mọ́ àfi kí ẹ tún káàdì náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Raspberry Pi Pico, pákó kékeré tó jáde ní 2021, kò ní káàdì rárá. MicroPython ló ń lò, Python kékeré tí Damien George bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Kóòdù yín á wà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ main.py. Iná dé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó pajú dé lẹ́ẹ̀mejì. Iná lọ, ó dákẹ́, kò sóhun tó bàjẹ́. Fún pọ́ǹpù omi, Pico ni mo fara mọ́.

Ẹni tó bá ti ní Pi nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè lò ó, ṣùgbọ́n kó mọ nǹkan mẹ́ta. Láíbúrárì (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) RPi.GPIO tó kún inú àwọn ẹ̀kọ́ àtijọ́ kò ṣiṣẹ́ lórí Pi 5, gpiozero ni kí ẹ lò. Láti ìgbà Bookworm, ẹ̀dà Raspberry Pi OS tó jáde ní 2023, bí ẹ bá fẹ́ fi pip, irinṣẹ́ Python fún gbígbé láíbúrárì wọlé, gbé e wọlé tààrà, yóò kọ̀ jálẹ̀, á ní externally-managed-environment. Ẹ lo `sudo apt install python3-gpiozero`. Ẹ má sì ṣe pe fáìlì tiyín ní gpiozero.py láé, torí Python á gbé fáìlì yín dípò láíbúrárì, á wá máa ní òun ò rí LED nínú rẹ̀.

Ká padà sí Pico. Ohun àkọ́kọ́ tó ń dá èèyàn dúró kì í ṣe kóòdù, wáyà USB ni. Púpọ̀ nínú wáyà fóònù tó wà lọ́jà, iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé fáìlì. Ẹ á ki Pico bọ kọ̀ǹpútà, kò ní sí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ, ẹ á rò pé Pico ti kú. Wáyà tí ẹ bá ti fi kó fọ́tò láti inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà rí ni kí ẹ lò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì BOOTSEL mọ́lẹ̀, kí ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, Pico á yọ bíi fláàṣì, ẹ wá da fáìlì UF2 ti MicroPython sínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, Thonny, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ kóòdù sínú Pico, ló kù. Bí ẹ bá ń pa kóòdù mọ́, Thonny á bi yín bóyá inú kọ̀ǹpútà ni tàbí inú Pico. Bí ẹ bá mú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa títí ẹ ó fi yọ wáyà, lẹ́yìn náà kò ní ṣe nǹkan kan mọ́.

Ẹ fi LED kan, gílóòbù kékeré, bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ relay, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá. GP15, ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ Pico tí kóòdù lè darí, ni ẹsẹ̀ 20; GND, ẹsẹ̀ tí iná ń gbà padà, èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ẹsẹ̀ 18. Ẹsẹ̀ gígùn LED ni kó kọjú sí GP15, kí resistor 330 ohm, tó ń dín iná kù, wà láàárín, kí ẹsẹ̀ kúkúrú wọ GND. Fóòtì 3.3 ni Pico ń fi jáde. LED pupa á jẹ nǹkan bíi fóòtì 2 nínú rẹ̀, 1.3 tó kù pín sí 330 á fún yín ní nǹkan bíi 4 mA. Ìyẹn tó. Bí ẹ bá yọ resistor, LED á fa ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ GP sì lè bàjẹ́. Mi ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan gbé ju 12 mA lọ. Resistor 330, ọsàn, ọsàn, búráùn ni àwọ̀ rẹ̀ bó bá jẹ́ ìlà mẹ́rin, ṣùgbọ́n àwọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣókùnkùn, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ń lo breadboard gígùn, ìyẹn pákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ̀, ẹ wò ó dáadáa: ìlà pupa àti ìlà búlúù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń já ní àárín lára púpọ̀ nínú wọn. Apá kan á ní iná, apá kejì ò ní ní.

Relay ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, torí náà mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Relay búlúù kékeré tí gbogbo èèyàn ń rà, okùn inú rẹ̀ nílò fóòtì 5 àti nǹkan bíi 70 mA. Kò sí ẹsẹ̀ GP tó lè gbé ìyẹn. VBUS, ẹsẹ̀ 40 tó ń gbé fóòtì 5 jáde, ni kí VCC, ẹsẹ̀ iná relay, ti mu iná, kí GND wọ GND, kí IN, ẹsẹ̀ àṣẹ rẹ̀, nìkan wá sí GP15. Púpọ̀ nínú àwọn relay tó ti wà lórí pákó yìí ló ń ṣiṣẹ́ lódì: bí ẹsẹ̀ GP bá wà ní 0, relay á tàn, bó bá wà ní 1, á pa. Ẹni tí kò mọ̀ á kọ `relay.value(0)` pé òun ń pa pọ́ǹpù, òun gan-an ló sì ń tàn án.

Èyí tó tún burú jù ni àṣìṣe tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá kékeré lọ. Ẹ wo ìlà méjì yìí:

```python
relay = Pin(15, Pin.OUT)
relay.value(1)
```

Ó dà bíi pé kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ìlà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ náà ti di ẹnu-ọ̀nà àbájáde, 0 ló sì wà. Relay á tàn, ìlà kejì á tún pa á. Etí yín á gbọ́ ọ: "tá-tá". Pọ́ǹpù ti gbọ́ iná gbì lẹ́ẹ̀kan, ó ti tún pa, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

```python
relay = Pin(15, Pin.OUT, value=1)
```

Pẹ̀lú èyí, ẹsẹ̀ náà ti mọ ipò tó máa wà kó tó di àbájáde. Kò ní dún rárá.

Relay mìíràn sì wà tí kì í gbọ́ pípa. Ẹ fi 1 ránṣẹ́ sí i, kò pa; ẹ fi 0 ránṣẹ́, ó ṣì tàn síbẹ̀. Kóòdù kọ́ ló ní ẹ̀bi. Ẹ wo ara pákó rẹ̀: bí kò bá sí ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, tí wọ́n sábà máa ń kọ 817 sí lára, a jẹ́ pé kò ní optocoupler, ẹ̀yà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àṣẹ Pico dé relay. Fóòtì 5 ló ń retí kó tó gbà pé ẹ ní kó pa, 3.3 tí Pico ní kò tó o. Èyí tó ní optocoupler ni kí ẹ rà. Bí kò bá sí, relay lásán àti transistor 2N2222, súwíìṣì kékeré tí iná ń darí, á ṣe é: resistor 1k láti GP15 sí ẹsẹ̀ àárín tí wọ́n ń pè ní base, díóòdù 1N4007, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, lórí okùn relay, kí ìlà funfun ara díóòdù kọjú sí fóòtì 5. Bí ẹ bá gbàgbé díóòdù yẹn, iná tí okùn relay ń tì padà nígbà tó bá pa á pa transistor lọ́jọ́ kan. Ẹ rántí pé pẹ̀lú transistor, 1 ló ń tàn, 0 ló ń pa, ẹ yí kóòdù padà.

Báwo ni Pico ṣe máa mọ̀ pé tánkì ti kún? Ọ̀pọ̀ máa ń ra HC-SR04 tó ń fi ohùn wọn jíjìn. Ó dára láti fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ooru omi inú tánkì á mú un dípẹtà, fóòtì 5 ni ẹsẹ̀ Echo rẹ̀ sì ń tì jáde, èyí tó lè ba Pico jẹ́ bí ẹ ò bá fi resistor méjì, 1k àti 2k, pín in. Fúlótà méjì ni mo yàn, ìyẹn súwíìṣì oníwáyà tó ń léfòó lójú omi: ọ̀kan sókè níbi tí omi ti gbọ́dọ̀ dúró, ọ̀kan sísàlẹ̀ níbi tí ẹ bá fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Méjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, omi tí ẹnì kan fi fọ ọwọ́ á mú kí pọ́ǹpù tàn, ìṣẹ́jú kan á pa, á tún tàn.

Ẹ fara balẹ̀ níbi bí ẹ ṣe máa so fúlótà. Ẹ jẹ́ kí fúlótà òkè padé (kí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá) nígbà tí tánkì kò bá tíì kún, kó sì ṣí (kí iná má lè kọjá) nígbà tó bá kún. Kí ti ìsàlẹ̀ padé nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ kọjá rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé wáyà tó gùn dé orí tánkì máa ń já: oòrùn á jẹ ẹ́, eku á jẹ ẹ́, ẹni tó ń fọ tánkì á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wáyà tó já kò yàtọ̀ sí fúlótà tó ṣí. Bí ẹ bá so ó báyìí, wáyà òkè tó já á dà bíi tánkì tó kún, wáyà ìsàlẹ̀ tó já á dà bíi pé omi ṣì wà. Pọ́ǹpù kò ní tàn. Bí ẹ bá so ó lódì, wáyà tó já á dà bíi tánkì tó ṣófo títí ayé. Nínú púpọ̀ nínú fúlótà kékeré olópòó, ẹ lè yọ rọ́bà tàbí irin tó dá fúlótà dúró nísàlẹ̀, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò, èyí tó ń padé tẹ́lẹ̀ á di èyí tó ń ṣí. Ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó gùn òkè.

Ẹsẹ̀ kan fúlótà wọ GND, ìkejì wọ GP14 fún òkè àti GP13 fún ìsàlẹ̀. Pull-up inú Pico, resistor tó ń fa ẹsẹ̀ GP sí 1 nígbà tí fúlótà bá ṣí, kò lágbára tó fún wáyà tó gùn ju mítà díẹ̀ lọ, torí wáyà gígùn máa ń gba ariwo iná pọ́ǹpù bíi eriali. Ẹ fi resistor 4.7k láti GP kọ̀ọ̀kan lọ sí 3V3, ẹsẹ̀ 36, àti kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 104 sí lára láti GP náà sí GND, kí méjèèjì sún mọ́ Pico. Kóòdù gan-an rèé:

```python
from machine import Pin, WDT
import time

relay = Pin(15, Pin.OUT, value=1)      # 1 = pa, 0 = tàn
oke   = Pin(14, Pin.IN, Pin.PULL_UP)   # 0 = tánkì ò tíì kún
isale = Pin(13, Pin.IN, Pin.PULL_UP)   # 0 = omi ti lọ sílẹ̀
ina   = Pin(25, Pin.OUT)               # Pico W: Pin("LED", Pin.OUT)

IDURO = 180       # ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tí iná dé
OPIN  = 40 * 60   # pọ́ǹpù ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 40 lọ

def pade(f):
    iye = 0
    for i in range(20):
        if f.value() == 0:
            iye += 1
        time.sleep_ms(50)
    return iye >= 15

time.sleep(5)     # àyè fún Thonny
wdt = WDT(timeout=8000)

for i in range(IDURO):
    wdt.feed()
    time.sleep(1)

while True:
    wdt.feed()
    if pade(isale) and pade(oke):
        ibere = time.ticks_ms()
        relay.value(0)
        while pade(oke):
            wdt.feed()
            if time.ticks_diff(time.ticks_ms(), ibere) > OPIN * 1000:
                relay.value(1)
                while True:
                    wdt.feed()
                    ina.toggle()
                    time.sleep_ms(200)
        relay.value(1)
    time.sleep(1)
```

Ẹ ó rí i pé mi ò fi àmì ohùn sí orúkọ inú kóòdù. Kì í ṣe pé mi ò ka àmì sí. "òkè" tí ẹ tẹ̀ lórí fóònù àti "òkè" tí ẹ tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè rí bákan náà lójú wa, kí lẹ́tà inú wọn má jẹ́ ọ̀kan náà. MicroPython á kà wọ́n sí orúkọ méjì. Ẹ fi àmì sínú àlàyé tó wà lẹ́yìn #, ibẹ̀ kò lè ṣèpalára.

`pade` kò gba ọ̀rọ̀ fúlótà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó bi í léèrè lẹ́ẹ̀ogún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dìgbà tó bá gbọ́ "ó padé" lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbà. Omi tó ń rú lójú tánkì nígbà tí pọ́ǹpù ń tú u sínú rẹ̀ á máa ta fúlótà sókè sódò. Láìsí èyí, relay á máa dún tá-tá-tá títí ara rẹ̀ á fi jó.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ìdúró yẹn, nítorí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Gbogbo àdúgbò ló ń tan fíríìjì, ayọ́ọ̀nù àti pọ́ǹpù papọ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, iná á máa lọ sókè lọ sílẹ̀. Pọ́ǹpù tó bá gbìyànjú àtibẹ̀rẹ̀ lórí fóòtì 150 á kàn máa kùn ni, kò ní yí, okùn inú rẹ̀ á sì gbóná títí yóò fi jó. Iná tó ń bọ́ pọ́ǹpù náà ló ń bọ́ Pico, nítorí náà ìgbà tí Pico jí náà ni ìgbà tí iná dé. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ nílò láti fi mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí ẹ bá gbé Pico sórí inverter tàbí power bank, kò ní mọ ìgbà tí iná lọ mọ́, ìdúró yìí ti di asán nìyẹn. Ní ti iná tó kéré fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní alẹ́, mi ò fi Python dá sí i. Ohun tó ń ṣọ́ fóòtì wà lọ́jà, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tiẹ̀.

OPIN kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹ máa mú láti orí. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 20 sẹ́nu páìpù, kí ẹ wo aago. Bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, lítà 40 ni ní ìṣẹ́jú kan. Tánkì lítà 1000 á gba ìṣẹ́jú 25. Ẹ fi bí ìdajì rẹ̀ kún un, ó di bíi 40. Bó bá kọjá ìyẹn tí tánkì ò kún, yálà kànga ti gbẹ, tàbí páìpù ti já, tàbí ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń yí láìsí omi á bàjẹ́. Bí kóòdù bá débẹ̀, á pa pọ́ǹpù, iná ara Pico á máa ṣẹ́jú títí ẹ ó fi lọ wò ó. Àlébù rẹ̀ ni pé bí iná bá lọ tó dé, á gbàgbé, á tún gbìyànjú. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ fáìlì kékeré kan sínú Pico níbẹ̀, kí kóòdù máa wò ó bóyá ó wà kó tó ṣe ohunkóhun.

`ticks_diff` kò ṣeé fi ìyọkúrò lásán rọ́pò. Lórí Pico, aago ticks_ms á padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 12. Ìyọkúrò á fún yín ní nọ́ńbà odi lọ́jọ́ yẹn, OPIN ò sì ní dé láé. Ẹ lè dán kóòdù wò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹ má rí i.

WDT (watchdog timer) ni ajá ẹnu-ọ̀nà. Bí kóòdù bá há síbì kan, tí kò bọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá 8, á pa Pico, á tún jí i, relay á sì ti pa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé dá dúró: ẹ ó fẹ́ fi Thonny tún kóòdù ṣe, á máa tún Pico tàn mọ́ yín lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìṣẹ́jú àáyá 5 ṣáájú rẹ̀, kí ẹ tẹ Stop láàárín àkókò yẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi # sí iwájú ìlà WDT àti gbogbo feed rẹ̀ títí gbogbo nǹkan á fi ṣe déédéé.

Relay búlúù, wọ́n kọ 10A sí i lára, ṣùgbọ́n ti gílóòbù àti ayọ́ọ̀nù nìyẹn. Pọ́ǹpù 1 HP ń jẹ ámpù 5 sí 7 nígbà tó bá ń yí, nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún ìyẹn. Irin méjì inú relay á lẹ̀ mọ́ra. Kóòdù á ní òun ti pa á, Pico á ní òun ti pa á, pọ́ǹpù á ṣì máa yí. Contactor, ìyẹn relay ńlá tí wọ́n ṣe fún mọ́tò, ni kí ẹ rà, kí relay máa tan contactor, kí contactor máa tan pọ́ǹpù. Wáyà láìfù ni kó gba ẹnu NO relay kọjá, èyí tó máa ń ṣí nígbà tí relay bá pa; kì í ṣe NC, èyí tó máa ń padé nígbà náà, kì í sì ṣe wáyà neutral ni kó gba ibẹ̀. Apá 220 yìí, ẹ pe oníná tó mọṣẹ́ kó so ó, kí ẹ sì ti pa iná láti ìdí mítà. Inú àpótí oníke tó sé dáadáa ni kí gbogbo rẹ̀ wà, kí ihò wáyà wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà dí i. Èèrà fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọnílé náà fẹ́ràn rẹ̀, òkú ọmọnílé lórí irin contactor sì lè dí i lọ́wọ́ kó má padé tàbí kó má ṣí.

Kí pọ́ǹpù tó dé ọ̀rọ̀ náà, ẹ fi gílóòbù rọ́pò rẹ̀. Ẹ dín IDURO kù sí 10, kí ẹ fi ọwọ́ gbé fúlótà sókè sódò nínú korobá, kí ẹ já wáyà òkè nígbà tí gílóòbù wà ní títàn, kó pa. Ẹ já ti ìsàlẹ̀ nígbà tó wà ní pípa, kó má tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ṣájà Pico, kí ẹ tún ki í bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ gbé etí sún mọ́ relay. Bó bá dún "tá" lẹ́ẹ̀kan péré kí ìdúró tó pé, ẹ padà sí ìlà tó ní `value=1` kí ẹ wò ó bóyá ẹ kọ ọ́.